Bí Mo Ṣe Gba Fírídọ̀ọ̀mù Pẹ̀lú Dìgírì Lọ́wọ́

Ẹni tó bá ti wáṣẹ́ kiri Ìlọrin lẹ́yìn iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ kì í ka ìwé tí wọ́n bá ní kí ó fọwọ́ sí. Ibi tí wọ́n fa ìlà sí ló máa ń wá. Èmi náà rí ìlà, mo fọwọ́ sí i, mo sì fa ìrù lẹ́tà tó kẹ́yìn gùn bí ẹni pé olórí orílẹ̀-èdè ni mí. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé náà. Gẹ̀ẹ́sì náà ni mo sì gba dìgírì lé lórí. Ẹ má bi mí léèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilé ìtẹ̀wé kan láàárín ìgboro ni. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní náíńtíìsì ni, tí ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, wólímátù tàbí ìsìnkú gbọ́dọ̀ tẹ káàdì kí ayé tó mọ̀ pé ó ní èèyàn. Ọ̀gá wa, àtọ̀húnrìnwá bíi tèmi, ní ẹ̀rọ ńlá méjì àti àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lára wọn. Ó fẹ́ kí gbogbo wa máa pe òun ní Èmúdì. Ó wá gba èmi kún un. Ó ní kí n gbé tábìlì mi sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn, kí n máa de táì. Bí oníbàárà bá wọlé, á nàka sí mi: "Gírádúéètì wa nìyẹn. Yunifásítì ni." Oníbàárà á wò mí láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni tó lọ wo àgbò iléyá, á ní, "Màṣá Álà." Tí wọ́n bá wò mí tán ni wọn yóò tó sọ ohun tí wọ́n fẹ́ tẹ̀, tí èmi yóò sì máa bá wọn kọ ọ́.

N kò mọ nǹkan kan nípa ìwé títẹ̀ nígbà tí mo débẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń to lẹ́tà sínú irin, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní ìdojúdé, bí a ṣe ń po yíǹkì, bí a ṣe ń mọ̀ láti inú ìró ẹ̀rọ pé bébà ti fẹ́ há. Ní ọdún kẹta, mo ti mọ̀ ọ́n dé ibi pé àwọn oníbàárà kò béèrè Èmúdì mọ́. Èmi ni wọ́n ń béèrè. Ìgbà náà ni ara mi kò balẹ̀ mọ́.

N kò lè jókòó. Mo máa ń dìde lórí àga láti lọ wo títì, bí ẹni pé ẹnì kan ń bọ̀ wá pè mí. Tí iṣẹ́ bá parí, n kì í wọ ọkọ̀. Màá fẹsẹ̀ rìn láti ìgboro dé ilé wa ní Adéwọlé, màá tún kọjá ẹnu ọ̀nà ilé, màá rìn dé òpin àdúgbò, kí n tó padà. Ìyàwó mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn ìjọba, tó sì ti lóyún àkọ́bí wa, á dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, á máa wò mí.

"Ṣé èèrà wọ ṣòkòtò rẹ ni?"

"Mò ń ronú ni."

"Jókòó ronú. Àwọn tó dá yunifásítì sílẹ̀ ra àga síbẹ̀."

Ohun tí mò ń rò kò ju ṣọ́ọ̀bù kan lọ, ní Basin, lójú ọ̀nà tí àwọn ọmọ yunifásítì ń gbà. Gbogbo ọmọ yẹn ló ní ìwé ìwádìí tí wọ́n fẹ́ tẹ̀, tí wọ́n fẹ́ dì. Mo ti wo ṣọ́ọ̀bù náà títí, onílé rò pé olè ni mí. Níkẹyìn mo kọ lẹ́tà ìkọ̀wéfiṣẹ́sílẹ̀, lẹ́tà tó rẹwà, tó ní "pẹ̀lú ọkàn tó kún fún ọpẹ́" níbi méjì.

Èmúdì pè mí wọlé.

"Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ dùn," ó ní. "Níbo lò ń lọ?"

"Mo fẹ́ dá dúró ni, sà."

"Kí o dá dúró máa ṣe kí ni?"

"Ìwé títẹ̀, sà."

"Níbo?"

"Basin."

Ó fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó mú ìwé tí mo fọwọ́ sí jáde, ó sì ní kí n ka ìpínrọ̀ keje sókè. Mo kà á. Ìwé náà ní tí mo bá kúrò lọ́dọ̀ wọn, n kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ ìwé títẹ̀, ìbáà ṣe fún ara mi tàbí fún ẹlòmíràn, ní Ìlọrin àti gbogbo agbègbè rẹ̀, fún ọdún márùn-ún.

"Ìwọ lo kàwé," ó ní. "Níbo ni 'gbogbo agbègbè rẹ̀' parí sí?"

"N kò mọ̀, sà."

"Ó dé Malete, ó kéré tán." Nígbà náà kò tíì sí yunifásítì ní Malete, tí mo bá tiẹ̀ rí àyè lọ síbẹ̀, iṣu ni ǹ bá máa tẹ káàdì fún. "N kò lé ẹ o. Ìbàdàn wà níbẹ̀. Kánò wà níbẹ̀. Wọ́n ń tẹ̀wé níbẹ̀ dáadáa."

Nígbà tí mo délé sọ ọ́ fún ìyàwó mi, ó gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀. "Ìjọba Kwara ló gbà mí síṣẹ́, kì í ṣe ìjọba Kánò. Tí o bá lọ, ìwọ nìkan lo lọ. Ọmọ yìí á máa wo fọ́tò rẹ." Kò pariwo. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ó dá a lójú. Ọ̀rọ̀ náà kò wá ju méjì lọ: kí n máa jókòó lẹ́nu ilẹ̀kùn Èmúdì bí àgbò, tàbí kí n fi ìyàwó àti oyún sílẹ̀ lọ jẹun níbòmíràn.

Mo lọ bá lọ́yà kan tí a jọ wà ní yunifásítì. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un ní wíìgì ni, orí tábìlì ló sì gbé e sí kí ẹni tó bá wọlé lè kọ́kọ́ kí i. Ó ka ìpínrọ̀ keje, ó sọ Látíìnì díẹ̀, ó wá rẹ́rìn-ín.

"Kóòtù kì í fẹ́ràn irú èyí. Tí ọ̀gá bá ní àṣírí òwò tó fẹ́ dáàbò bò, wọ́n lè gbà fún un níwọ̀nba. Ṣùgbọ́n kí ó ní kí o má fi iṣẹ́ tí o mọ̀ jẹun ní odindi ìlú fún ọdún márùn-ún, ó ti pọ̀ jù. Jẹ́ kí ó pè ọ́ lẹ́jọ́. A máa borí."

"Ìgbà wo la máa borí?"

Ó wo òkè àjà. "Tí adájọ́ kò bá ṣàìsàn, tí wọn kò sì gbé e lọ sílùú mìíràn, bí ọdún mẹ́fà. Tàbí méje."

"Ọdún márùn-ún ni àdéhùn náà máa lò."

"Ẹ̀n-ẹ́ẹ̀n!" ó ní, inú rẹ̀ dùn gan-an. "Nígbà náà, kò sí bí a kò ṣe ní borí."

Mo fẹsẹ̀ rìn kúrò níbẹ̀ dé Basin, mo wo ṣọ́ọ̀bù, mo sì tún fẹsẹ̀ rìn padà sílé.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ wa gba fírídọ̀ọ̀mù. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ọmọ iṣẹ́ tó bá ti kọ́ṣẹ́ tán á wọ aṣọ funfun, á ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti obì, àwọn ẹlẹgbẹ́ ọ̀gá á péjọ, á dọ̀bálẹ̀, ọ̀gá á gbé irinṣẹ́ lé e lórí, á sì gbàdúrà fún un. Ọjọ́ yẹn, irin tí a fi ń to lẹ́tà ni Èmúdì gbé lé ọmọ náà lórí. Alájì tó ni ilé tí a fi ṣe ilé ìtẹ̀wé, arúgbó ọmọ Ìlọrin kan tí kò pe Èmúdì ní nǹkan mìíràn rí ju "Atẹ̀wé" lọ, ló jókòó sí ìjókòó alága.

"Ìlú yìí kò ní le mọ́ ẹ," Èmúdì ń ké. "Ibi tí mo ti jẹ, wàá jẹ níbẹ̀. Wàá jẹ jù mí lọ!"

"Àmín!"

Mo dúró lẹ́yìn, táì fún mi lọ́rùn. Àdúrà yẹn ta ko ìpínrọ̀ keje láti orí dé ìdí. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà kò fọwọ́ sí ìwé kankan. Ìwé wà fún àwọn tí wọ́n gbà síṣẹ́, kì í ṣe fún àwọn tó wá kọ́ṣẹ́. Ó gba ṣọ́ọ̀bù ní àdúgbò kejì, Èmúdì gan-an ló sì fi oníbàárà àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí i. Gbogbo ohun tí àṣà béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni kí ó má ṣí i sí ojú títì kan náà pẹ̀lú ọ̀gá rẹ̀. Ta ló wá kọ́ èmi náà níṣẹ́? Ṣé yunifásítì ló kọ́ mi bí a ṣe ń po yíǹkì ni?

Mo sọ fún ìyàwó mi pé mo fẹ́ gba fírídọ̀ọ̀mù. Ó fi ṣíbí ọbẹ̀ sílẹ̀.

"Ìwọ? Ìwọ tí o kò dọ̀bálẹ̀ dáadáa fún bàbá mi lọ́jọ́ ìdána?"

"Mo dọ̀bálẹ̀."

"O lóṣòó ni. O ní ṣòkòtò rẹ á dọ̀tí."

Mo lọ bá Èmúdì láàárọ̀. Mo ní kí ó fa lẹ́tà mi ya, n kò kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ mọ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tó mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí. Mo wá ní, "Fírídọ̀ọ̀mù ni mo fẹ́ gbà, sà. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi níṣẹ́."

Mo rí i tí ohun kan ń ru sókè nínú rẹ̀ bí omi orí iná.

"Wàá wọ funfun?"

"Màá wọ̀ ọ́, sà."

"Wàá dọ̀bálẹ̀ níwájú ẹgbẹ́ àwọn atẹ̀wé, gírádúéètì?"

"Gbalaja, sà."

Ó dìde, ó rìn lọ sí ojú fèrèsé, ó rìn padà. Fún ìgbà àkọ́kọ́, òun ni kò lè jókòó. "Kí o wọ gáùn yunifásítì lé funfun náà," ó ní. "Pẹ̀lú fìlà rẹ̀. Kí wọ́n lè mọ̀."

Ẹnikẹ́ni nínú wa kò dárúkọ ìpínrọ̀ keje.

Mo yá gáùn. Lábẹ́ oòrùn Ìlọrin, mo wọ aṣọ dúdú yẹn lé funfun, òógùn ń wọ́ láti orí mi dé inú bàtà. Èmúdì ti yá gbohùngbohùn, ó ti pe ayàwòrán, ó sì ti pe gbogbo atẹ̀wé tó mọ̀ àti àwọn tí kò mọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, òwú tó ń fì lára fìlà náà kó sí mi lójú. Ó gbé irin lé mi lórí.

"Ọlọ́run á bá ẹ lọ!" ó ké. "Ibikíbi tí o bá ń lọ, wàá dé ire! Ìbàdàn á gbà ẹ́! Kánò á gbà ẹ́! Ọ̀nà jíjìn á rọ̀ ẹ́ lọ́rùn!"

Àmín tó tẹ̀ lé e rọ jọ̀wọ̀lọ̀. Ọkùnrin náà gbọ́n jù mí lọ. Ó ti gba ìdọ̀bálẹ̀, ó ti gba fọ́tò, ó sì fẹ́ fi àdúrà gbé mi sọ sínú ọkọ̀ Kánò. Láti ilẹ̀ tí mo wà, bàtà ìyàwó mi nìkan ni mo rí láàárín èrò. Kò mira.

Ohùn Alájì ló dún. "Atẹ̀wé! Ṣé à ń lé ọmọ yìí ni?"

"Rárá o, Alájì."

"Ṣé ó jalè ni?"

"Ó tì o!"

"Ká má rí i. Kí ló dé tí àdúrà rẹ ń kó ẹrù fún un? Gbàdúrà ìlú fún un, ká ṣe àmín, oòrùn ń pa wá."

"Ẹ gbàdúrà ìlú!" ni àwọn atẹ̀wé náà ké, ẹlòmíràn ti ń wo ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò rẹ̀. Èmúdì wo èrò, ó wo gbohùngbohùn, ó wo ayàwòrán tó ti gbé kámẹ́rà sójú.

"Ìlú Ìlọrin," ó ní, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, "kò ní le mọ́ ẹ."

"Àmín!"

"Ibi tí mo ti jẹ..."

"Àmín!" Wọn kò tiẹ̀ jẹ́ kó parí rẹ̀. Mo mọ ohùn kan nínú àwọn ohùn náà. Nọ́ọ̀sì ìjọba Kwara ni.

Nígbà tí mo lọ kí Èmúdì pé ó dàbọ̀, ó tún ti gbé ìwé náà sórí tábìlì. "Àdúrà lọ́tọ̀," ó ní, "àdéhùn lọ́tọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́ fún Alájì, sà."

Ó sọ ọ́ lóòótọ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e lọ ló wá ròyìn fún mi. Wọ́n ní Alájì gbọ́ ọ tán, ó wá bi í pé, "Ṣé kí n gbé àmín mi mì padà ni? Àwọn èrò yẹn ńkọ́? Ṣé kí a ránṣẹ́ sí wọn láti wá kó tiwọn?" Èmúdì ká ìwé náà, ó fi í sí àpò, wọn kò sì tún gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Basin. Ọmọ wa kọ́ bí wọ́n ṣe ń rákò láàárín ìdì bébà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ fún mi pé fírídọ̀ọ̀mù kì í tán. Èmúdì ti fẹ fọ́tò náà di ńlá, ó gbé e kọ́ sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn, níbi tí tábìlì mi wà tẹ́lẹ̀: èmi nílẹ̀ nínú gáùn, òun lórí mi pẹ̀lú irin. "Ọmọ iṣẹ́ mi ni. Yunifásítì ni." Ìgbàkigbà tó bá wù ú ló ń wá sí Basin, àga mi ló sì máa ń jókòó sí. Ọdún márùn-ún ìpínrọ̀ keje kọjá lọ, n kò tiẹ̀ mọ ọjọ́ tó parí. Mo ṣì ń dìde fún un.

Ìgbà kan ó wá, ó ní ẹ̀rọ òun bàjẹ́, kí n bá òun tẹ nǹkan. Ìwé àdéhùn ni, fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tuntun. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi, mo sì kà á tán pátápátá lọ́tẹ̀ yìí. Ìpínrọ̀ keje wà ní ipò rẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni ìpínrọ̀ kẹjọ wà: àdúrà yòówù tí ọ̀gá bá gbà fún òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ pa àdéhùn yìí rẹ́.

"Báwo lo ṣe rí i?" ó ní.

"Ó dára, sà. Àmín nìkan ni ẹ kò fi sí i."

Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó wò mí. Ó fa báírò yọ lápò, ó kọ "Àmín" sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì da ìwé náà padà sọ́wọ́ mi.

"Ọmọ iṣẹ́," ó ní, "yí fáànù yẹn sọ́dọ̀ mi."

Mo yí i.