Ìṣirò Ọwọ́-Lórí

Òórùn aró ni ó máa ń jí mi ní ilé wa ní Ọ̀wọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ìyá mi ti wà nídìí òfì tí ó gbé ti ògiri ẹ̀yìnkùlé. Èmi ni mo máa ń bá a ka òwú. Yóò ní, "Gbé mẹ́ta, fi méjì sílẹ̀," èmi náà yóò máa pè é tẹ̀lé e, ìka mi yóò sì máa rìn lórí òwú. Mo lè di ojú kà á láìṣì í. Ìyá mi a máa wí pé, "Ohun tí ọwọ́ bá ti mọ̀, kò di ẹjọ́ orí mọ́."

Ilé ìwé ni ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Mo pẹ́ kí n tó wọlé, mo sì ga ju gbogbo wọn lọ. Bàbá Kíláàsì ni wọ́n ń pè mí. Nọ́ńbà ojú pátákó kì í dúró fún mi. Bí tísà bá kọ méjìlá, mọ́kànlélógún ni mo máa ń rí. Bí mo bá fi ìka kà á, ó máa ń bọ́ sójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n tísà wa kò gba ìka láyè. Bí àkókò ìṣirò bá ti tó, yóò pariwo, "Ọwọ́ lórí!" Gbogbo wa á káwọ́ lérí. Ó ní orí nìkan ni a fi ń ṣe ìṣirò. Ìka mi á máa rìn nínú irun mi, tísà á rí i, á sì nà mí. "Olódo! Ó ga bí òpó, kò sí nǹkan lórí!"

Bàbá mi ní bí mo bá tún gbé òdo wálé, oko ẹ̀gbọ́n òun ní Ìdóàní ni mo ń lọ. Nígbà tí ìdánwò àfẹnusọ ku ọ̀la, ìyá mi fi òfì sílẹ̀, ó wá sí ilé ìwé. Ó bá gbogbo wa níbi tí a ti káwọ́ lérí.

"Tísà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ta ni ó kú?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tísà kò rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ìṣirò ni wọ́n ń ṣe."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí tèmi sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ọwọ́ ni ó fi ń mọ nǹkan."

"Ilé ìwé nìyí o, Ìyá. Ẹ má sọ ọ́ di ìdí òfì."

Ọwọ́ lórí ni mo fi ṣe ìdánwò náà, mo sì gba òdo. Bàbá mi kò pariwo. Ó di aṣọ mi sínú àpò, ó mú mi lọ sí Ìdóàní. Nígbà tí ẹgbẹ́ mi ń jáde ìwé mẹ́fà, ebè ni mo ń kọ. Mo ti ní irùngbọ̀n kí n tó padà sídìí ìwé, ní kíláàsì àwọn àgbà, níbi tí olùkọ́ ti da òkúta wẹ́wẹ́ sórí tábìlì, tí ó ní kí á máa sún un bí a bá ṣe ń kà á sókè. Ohun tí wọ́n torí ẹ̀ nà mí ni wọ́n wá fi kọ́ mi!

Mo rò pé irú rẹ̀ ti tán. Kò tán. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, Tọ́pẹ́ ọmọ ọmọ mi ni ó ń bá mi gbé. Nọ́ńbà ń sá fún òun náà. Ẹ̀wà la fi ń kà á nílé, a ó máa pàtẹ́wọ́ sí i. Ní táàmù yìí, tísà rẹ̀ ránṣẹ́ pè mí sí kíláàsì wọn.

"Bàbá, ìka ni ọmọ yín ṣì fi ń ka nọ́ńbà. Bí kò bá jáwọ́, a ó dá a padà sí kíláàsì ìsàlẹ̀."

"Kí ni ìka ṣe yín?"

"Ẹ̀yin náà, Bàbá! Ayé kọ̀ǹpútà la wà."

Kọ̀ǹpútà! Kí ni wọ́n wá fi ń tẹ̀ ẹ́?

Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà náà gbé àpò rẹ̀, ó tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sí oko. Ṣùgbọ́n n kò gbé àpò Tọ́pẹ́. Mo kàn fa àga kékeré kan, mo jókòó ti Tọ́pẹ́, orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n mi. Mo ní kí tísà fún un ní ìṣirò tó bá wù ú, pé a ò ní dìde títí tí yóò fi ṣe é tán. Ó fún un. Tọ́pẹ́ wo ojú mi, ó na ìka rẹ̀ sórí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Kò sí ẹni tí ó nà án.