Àtàǹpàkò Manúsósì àti Àlàfo Inú Okùn Eṣinṣin

Bí irọ́ kan bá wà nínú ìtàn yìí, kí ojú mi má rí oòrùn ọ̀la. Ní Irákílíò, ní erékùṣù Kírítì tí mo gbé di arúgbó, kò sí àtàǹpàkò tó le bíi ti Manúsósì. Ó ń fi fọ́ egungun orí àgbò.

Iṣẹ́ àtàǹpàkò náà ló ń jẹ ní ilé ìwádìí. Á fi abẹ́rẹ́ já orí ìdin eṣinṣin èso, á fa àpò itọ́ rẹ̀ yọ, á rì í sínú ásíìdì, á fi gíláàsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, á sì tẹ̀ ẹ́ fọ́. Bó bá tẹ̀ ẹ́ dáadáa, okùn ìran tó wà nínú rẹ̀, èyí tó ń gbé àbùdá láti ara òbí sára ọmọ, á nà gbalaja, pẹ̀lú ilà lára bíi ti ejò. Wọ́n á wá da ègé okùn tí wọ́n ti pa láró lé e, ègé náà á lọ lẹ̀ mọ́ àyè tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ya máàpù rẹ̀. Àlàfo kan ló kù. Ooru sì ti pa ìdin tí wọ́n nílò, ó ku ẹyọ kan péré. Garifalíà ọ̀gá wọn ti ní bí ìyẹn bá bàjẹ́, àwọn onímọ̀ Kémbríìjì tó ń bá wọn díje ló máa gba iṣẹ́ náà parí.

Ìdin yẹn ni Manúsósì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ lórí, tó ti fi àpò itọ́ rẹ̀ sínú ásíìdì lábẹ́ gíláàsì, tó kù kó tẹ̀ ẹ́, tí Sítírátì, ọmọ orí òkè kan náà, fi já wọlé pẹ̀lú ọ̀bẹ láti gbẹ̀san. Bàbá Manúsósì ló jí àgùntàn bàbá Sítírátì, tó tún yìnbọn pa bàbá náà. Ọ̀bẹ la àtàǹpàkò Manúsósì, ẹ̀jẹ̀ tú sára ògiri. Òun náà fi àga gbá Sítírátì lẹ́nu, eyín jábọ́. Wọ́n lu ara wọn títí ìgò fi fọ́, tí eṣinṣin bo ojú wọn. Garifalíà wà lábẹ́ tábìlì, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n pa ara wọn bó bá wù wọ́n, kí wọ́n ṣáà má fara kan gíláàsì yẹn.

Manúsósì rántí pé ásíìdì kì í dúró de èèyàn. Ó gbé ọwọ́ ẹlẹ́jẹ̀ sókè.

“Sítírátì, lórí òkè tiwa, ta ló ń gún ẹni tó wà lẹ́nu wàrà fífún?”

“Kò sẹ́ni tó ń ṣe é.”

“Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi. O sì ti la ìka mi. Ìka ọ̀gá mi ò lè pa eèrà. Wá bá mi tẹ̀ ẹ́.”

“Ìwọ ọmọ olè àgùntàn, ṣé èmi lo fẹ́ sọ di ọmọọṣẹ́ ẹ?”

“Tẹ̀ ẹ́ bíi pé ọrùn mi ni, kí okùn inú rẹ̀ lè nà. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kó yọ̀ o, bó bá yọ̀, ó bàjẹ́ nìyẹn.”

Sítírátì nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó fi gbogbo ikú bàbá rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, tábìlì ké. Gíláàsì ò yẹ̀. Ó wá mú ọ̀bẹ rẹ̀ nílẹ̀.

“Iṣẹ́ ti kúrò lọ́wọ́ ẹ báyìí.” Ó kì ọ̀bẹ náà bọ Manúsósì nítan títí dé èèkù.

Lọ́jọ́ kejì, Garifalíà wá sọ fún Manúsósì lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù pé ègé náà ti lẹ̀ sí àárín àlàfo, dúdú kirikiri, àti pé okùn náà nà ju gbogbo èyí tó ti ń tẹ̀ látọjọ́ yìí lọ. Manúsósì sunkún, kì í ṣe nítorí itan. Ní àtìmọ́lé, Sítírátì ò béèrè bóyá Manúsósì kú. Ohun tó béèrè lọ́wọ́ ọlọ́pàá ni, “Ṣé ó nà?”

Manúsósì ń tiro dòní. Sítírátì sì wà láàyè, ó ń ta wàràkàṣì lẹ́bàá ọ̀nà tó gun òkè. Ẹ lọ bi í, á na àtàǹpàkò rẹ̀ sí yín kó tó dáhùn.