Ẹni Tó Mọ Ilé Gbogbo Wa

Ẹ kò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, tó ń ta páàtì alùpùpù, tí a ń pè ní moto níbí, ní àdúgbò Bilbalogo, kì í fi fóònù kí ènìyàn. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń gun moto kiri ilé àwa Yorùbá Ouagadougou. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí moto yẹn sinmi." Á ní, "Ṣé fóònù ló máa bu omi fún mi mu?"

Lọ́jọ́ tí ìyàwó mi bímọ, ẹ̀jẹ̀ ń dà, kò dá. Dókítà ní kí n wá ẹni tó máa fún un lẹ́jẹ̀ kíákíá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbogbo ìlú sì ti kú. Nọ́ńbà àìmọye ènìyàn wà lọ́wọ́ mi, n kò mọ ilé ẹnì kan. Ẹ̀gbọ́n tẹ moto, ó di Samandin, ó di Tanghin. Kó tó di ìrun Àsárì, èèyàn mẹ́sàn-án ti ká apá aṣọ sókè. Dókítà ní, "D'accord, ó ti tó." Ìyàwó mi yè.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti padà, síbẹ̀ moto kún ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbọ́n. Àwa tó gùn wọ́n wá ní, "Ẹ wá fi ilé ara wa hàn wá." Ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. La bá gbé e sẹ́yìn moto mi, ó ń nàka: "Ilé Alhájà nìyí. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ kí i."