Ìró Kejì Lára Ọkọ̀ Ìgbòkun

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní Àgọ́-Ìwòyè kò fẹ́ràn mi, wọn ò sì jẹ̀bi. Olùkọ́ mìíràn á fi ìwé àwọn tó wá sí kíláàsì ránṣẹ́ kiri kí kálukú fọwọ́ sí i. Èmi á dúró tì wọ́n, máa wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan fọwọ́ sí i fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà ní Awà, tí kò tíì rí mọ́tò wọ̀. Ọ̀ràn kékeré ni. Gbogbo ọmọ yunifásítì ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n mo lé e jáde bí ẹni pé ó jalè. Bó ṣe ń sunkún lọ, ó ní, "Mà, ṣebí mo kàn ràn án lọ́wọ́ ni." Mo padà sí ọ́fíìsì mi, mo tilẹ̀kùn, èmi náà sunkún.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí a kó kúrò ní abúlé wa létí ọ̀sà, níbi tí wọ́n ń pè ní Ogun Waterside nísinsìnyí. Omi ti jẹ ilẹ̀ wa dé ẹ̀yìn ilé ìdáná. Bàbá mi ti ṣáájú lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó, níbi tí wọ́n ti ń la igi gẹdú, ó sì ránṣẹ́ pé kí ìyá mi kó àwa ọmọ méjèèjì wá. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni àbúrò mi obìnrin. Ìdílé mẹ́fà ló jọ wọ ọkọ̀ ìgbòkun ńlá kan tó ń lọ sí Ẹ̀pẹ́; láti ibẹ̀ la ó ti wọ mọ́tò. Wọ́n kó àpótí, àwọ̀n, adìẹ, títí kan ilẹ̀kùn ilé. Ìrìn ọjọ́ mẹ́ta ni, bí atẹ́gùn bá gbọ́ràn.

Olórí ọkọ̀ jẹ́ bàbá arúgbó kan, mùsùlùmí tí kì í jẹ́ kí ìrun kan kọjá. Kó tó ta ìgbòkun, ó ka òfin fún wa. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní igi ìdábùú tí yóò jókòó lé, kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ la ó máa dáná, lórí ààrò amọ̀ tí wọ́n gbé lé yanrìn láàárín ọkọ̀. Bí atẹ́gùn bá le, gààrí la ó mu. Igbá kan ṣoṣo ló wà fún omi mímu. Àwa Kìrìsìtẹ́nì lè kọrin ìsìn àárọ̀ wa bí òun bá ti kírun tán. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ súfèé. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ pariwo pe orúkọ ọmọnìkejì lójú omi, kí ohun tí kò lórúkọ má baà kọ́ ọ. Mo kàwé títí, mo ń kọ́ni ní yunifásítì, síbẹ̀ ẹ ò ní rí orúkọ àbúrò mi níbí.

Òfin tó kẹ́yìn ni ti kíkan ọkọ̀. Ẹ mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Bàbá yẹn ò jẹ́ na ìka sí wa kó máa ní ení, èjì. Nítorí náà, nígbàkígbà tí a bá fẹ́ kúrò ní èbúté, kálukú á fi ìkúùkù kan ara ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan, láti iwájú dé ẹ̀yìn; ìró ló ń kà, kì í ṣe èèyàn. Àbúrò mi náà ní ìró tirẹ̀, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ ju oúnjẹ lọ. Yóò ti di ìkúùkù sílẹ̀ kó tó kàn án.

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kàn án fún ẹlòmíràn," bàbá náà wí, "ìbáà ṣe ìyá fún ọmọ."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a gúnlẹ̀ sí èbúté kan tí kò ní ju ahéré méjì lọ, kí àwọn èèyàn lè sọ̀ kalẹ̀ pọn omi. Ìgbà ọyẹ́ ni, kùrukùru bo ojú omi. Ìyá mi ní kí n dúró ti àbúrò mi tó ń sùn lábẹ́ aṣọ ìbora, ó sì bá wọn lọ. Mo dúró díẹ̀. Mo wá rí àwọn ọmọ yòókù tí wọ́n ń ṣa àgbálùmọ̀, mo bá fò sílẹ̀. Mo ní mi ò ní pẹ́.

Nígbà tí mo padà, wọ́n ti ń tú okùn. Ìyá mi ti jókòó síwájú mi, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Aṣọ ìbora ṣì ga níbi tó wà. Mo gbà pé àbúrò mi ṣì ń sùn.

"Ṣé dede yín ti wọlé?" olórí ọkọ̀ bi gbogbo wa.

Ìró bẹ̀rẹ̀ láti iwájú. Ìyá mi kàn án. Èmi náà kàn án. Bí mo bá jí ọmọ náà, yóò sunkún, ìyá mi yóò yíjú padà, yóò sì rí àgbálùmọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo bá kàn án lẹ́ẹ̀kejì, jẹ́jẹ́, bí ọwọ́ kékeré yẹn ṣe máa ń ṣe é.

"Ó pé," bàbá náà wí. "Alhamdulillahi." Wọ́n ta ìgbòkun.

Oòrùn ti mú kí ìyá mi tó ní kí n jí i wá jẹun. Àpò gààrí ló wà lábẹ́ aṣọ náà.

Àbúrò mi ti jí ní èbúté, ó sì ti sọ̀ kalẹ̀ láti wá mi. Atẹ́gùn kọ̀ fún wa bí a ṣe ń padà. Àwọn ọkùnrin ká ìgbòkun, wọ́n fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ títí ọ̀sán fi pọ́n. Ìyá mi dìde, ó la ẹnu, ó tún pa á dé nítorí òfin. Nígbà tó yá, ó gbàgbé òfin, ó pe orúkọ náà títí ohùn rẹ̀ fi há. Ní èbúté, a rí ipasẹ̀ kékeré nínú ẹrẹ̀. Ó lọ tààrà síbi tí ọkọ̀ wa ti gúnlẹ̀, ó parí sí etí omi. Kò sí èyí tó padà.

Olórí ọkọ̀ jókòó sínú ẹrẹ̀. "Mo gbọ́ ìró rẹ̀," ló ń wí. "Mo gbọ́ ọ." Àwọn èèyàn ní ogbó ti dé, pé kò mọ ìró kà mọ́, àwọn kan bú u. Kò wa ọkọ̀ mọ́ lẹ́yìn ìrìn yẹn. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo sì dákẹ́.

Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn mi lẹ́ẹ̀kan, mo máa ń retí ìkejì. Nígbà mìíràn kò sẹ́ni lẹ́nu ọ̀nà rárá, mo sì máa ń gbọ́ ọ, jẹ́jẹ́, lára igi. Ẹ̀rù máa ń bà mí, kí n má purọ́.

Lọ́sẹ̀ tí mo lé ọmọbìnrin yẹn jáde, mo wọ mọ́tò lọ bá ìyá mi ní Òkè-Àgbò, ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ó ń bó ẹ̀gúsí. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ìyá mi, bàbá ọlọ́kọ̀ yẹn ò ṣì í kà. Èmi ni mo kàn án lẹ́ẹ̀mejì."

Kò yà á lẹ́nu. "Mo mọ̀," ó ní. "Ẹ̀yìn mi gan-an lo wà. Ibì kan náà ni ìró méjèèjì ti wá."

"Ẹ gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ. Mo rò pé oorun ló ń kùn ún, pé o bá a kàn án ni. Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mi ò wẹ̀yìn."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́ nígbà tí wọ́n ń bú bàbá náà.

"Omi ti gba ọ̀kan. Ṣé kí n wá gbé ìkejì fún àwọn ará ọkọ̀?"

Ó tún bó ẹ̀gúsí mélòó kan. "Ọdọọdún ni bàbá ọlọ́kọ̀ yẹn máa ń wá bẹ̀ mí nínú ilé yìí títí ó fi kú," ó ní. "Mo máa ń fún un lómi mu. Mo sì máa ń sọ fún un pé mo ti dárí jì í."