Gáfárà Kí N Tó Fọ́nnu

Ẹni tó bá tọ́ ọ dáadáa nílé Yorùbá ti bà ọ́ jẹ́ fún íńtáfíù. Ojú ara mi ni mo fi rí i.

Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n pè mí, wọ́n ní kí n sọ ohun tí mo ti gbé ṣe. Mo ní Ọlọ́run ló ṣe é, àwọn ọ̀gá mi ló kọ́ mi, àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló gbìyànjú. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Bóyá Ọlọ́run àti àwọn ọ̀gá mi ni wọ́n gbà síṣẹ́, torí wọn ò pè mí mọ́.

Ìkejì ló wá ń já mi láyà. Ilé-iṣẹ́ kan ní GRA Ìlọrin tó ń so sólà fún àwọn onílé ń wá ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Àwọn tó ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ti ń kógbá sílé, irun mi sì ti ń funfun. Ta ni yóò tún pe irú mi? Lórí ìwé, mo rí bí ẹyẹ tí wọ́n ń sọ lókò: tíṣà físíìsì, ṣọ́ọ̀bù fótókọ́pì ní Málété, kànga ẹ̀rọ.

Nígbà tó ku ọ̀la, ìyàwó mi ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́.

“Dádì wọn, ẹ jókòó. Èmi ni ọ̀gá. Kí lẹ ṣe ní Málété?”

“Mo ń ṣe fótókọ́pì.”

“Ṣọ́ọ̀bù fótókọ́pì kún iwájú yunifásítì yẹn. Kí ló dé tó jẹ́ iwájú tiyín ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń tò sí?”

Mo rò ó. “Mo máa ń ṣàlàyé asáínmẹ́ǹtì fún wọn.”

“Níbi kànga ńkọ́?”

“Èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ tuntun bí wọ́n ṣe ń so pọ́ǹpù mọ́ iná.”

Ó ju òkúta kan nù. “Ẹ ò fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ rí. Pátákó lẹ fi sílẹ̀. Ẹ lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.”

“Kí n máa yin ara mi níwájú àgbàlagbà?”

“Ẹ tọrọ gáfárà, ará Ọ̀mù-Àrán! Láti ìgbà tí ẹ ti fẹ́ ọmọ Ìlọrin, ẹ ò tíì kọ́ ìyẹn?”

Àwọn mẹ́ta ni mo bá ní GRA: alàgbà onífìlà kan láàárín, obìnrin kan, àti ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń tẹ kọ̀ǹpútà. Mo dọ̀bálẹ̀. Alàgbà náà wo ìwé mi títí.

“Ọ̀gbẹ́ni, ta ló ń lé yín kiri?”

Àwọn méjì yòókù rẹ́rìn-ín. Èsì àtijọ́ ti dé ètè mi: “Ọlọ́run ló...” Mo gbé e mì. Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́, òógùn ń ṣàn lẹ́yìn mi. Obìnrin náà wo aago.

“Bàbá, mo tọrọ gáfárà. Mo fẹ́ fọ́nnu díẹ̀.”

Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. “A yọ̀ǹda. Ó yá, ẹ fọ́nnu.”

“Ẹnikẹ́ni ò lé mi, sà. Pátákó ni mo fi sílẹ̀, n kò fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀.” Mo sọ ti Málété, mo sọ ti kànga. N kò fi ọ̀gá kankan bojú.

“Ẹnu dùn-ún ròfọ́,” ni alàgbà náà wí, ó nàka sí obìnrin náà. “Akáńtáǹtì wa nìyí, kò mọ ìyàtọ̀ bátìrì àti bíríkì. Ẹ kọ́ ọ. Báyìí.”

Obìnrin náà ká ọwọ́ mọ́ àyà. Bí kò bá yé e, mo mọ ibi tí mo ń lọ: ilé. Mo wojú fèrèsé, mo rí tánkì omi níta.

“Mà, ẹ wo tánkì yẹn. Pọ́ǹpù ń fa omi sí i lọ́sàn-án, ẹ ń lò ó lálẹ́. Bátìrì ni tánkì yín, oòrùn ló ń mú un kún. Tí ẹ bá ṣí gbogbo ẹnu ẹ̀rọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ńkọ́?”

“Tánkì á gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́.”

“Áyọ́ọ̀nù yín ni ẹnu ẹ̀rọ tó fẹ̀ jù.”

Ó lanu. “Áà! Ìdí nìyẹn tí iná ilé mi fi máa ń kú kí n tó lọ aṣọ kejì!”

Mo ti gbàgbé ibi tí mo wà. Mo pàtẹ́wọ́. “Ṣé ó yé yín?”

“Ó yé wa, sà!” Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni, pẹ̀lú alàgbà onífìlà.

Ojú tì í díẹ̀. Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe.

“Pátákó wà ní yàrá kejì,” ó ní. “Ẹ lọ wò ó bóyá ó fẹ̀ tó yín.”