Òṣùpá Tí Mo Tú Kúrò Lára Aṣọ

“Aró mi kì í jẹ àmì! Bí o kò bá sọ òótọ́ fún ọmọ yẹn kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, èmi á sọ fún un.”

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, aláró ní Igbó-Ọrà, ló kìlọ̀ fún mi bẹ́ẹ̀.

Nínú ẹbí wa, aboyún máa ń fi abẹ́rẹ́ rán àmì sára aṣọ funfun kí wọ́n tó rì í sínú aró. Tí wọ́n bá tú òwú náà lẹ́yìn aró, ojú ibẹ̀ á yọ funfun. Ọ̀rọ̀ tí ìyá ń bá ọmọ inú rẹ̀ sọ nìyẹn. Ọmọ náà nìkan ni yóò túmọ̀ rẹ̀ fún.

Nígbà tí àyẹ̀wò fi hàn pé ìbejì ni mo lóyún, òṣùpá méjì ni mo rán. Gbogbo àdúgbò ń kí mi kú oríire. Ṣùgbọ́n lóṣù keje, ẹsẹ̀ mi wú, ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, nọ́ọ̀sì sì ní kí n ṣọ́ra gidigidi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kí a tó rì aṣọ náà sínú aró, mo mú bíléèdì, mo gé òwú òṣùpá kan, mo sì fi ọwọ́ tẹ́ ojú aṣọ náà dáadáa. Mo ní, “Ọlọ́run, ọ̀kan ti tó mi.”

Obìnrin méjì ni mo bí, láàyè.

Wọ́n pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kí wọ́n tó rí aṣọ náà nínú àpótí.

“Tèmi ni òṣùpá yìí,” ni èyí tó kọ́kọ́ dé wí. “Ìwọ ṣì ń sùn nínú nígbà tí mo jáde.”

“Èmi ni ẹ̀gbọ́n, olófòófó! Ìwọ ni mo rán wá wo ayé. Mọ́mì, tèmi dà?”

Mo ní aró ló ba tirẹ̀ jẹ́. Irọ́ yẹn ló gbé lọ bá aláró, ó sì bi í pé ìkòkò wo ló gbé òṣùpá òun mì.

Lẹ́yìn ìkìlọ̀ náà, mo pe ọmọ mi jókòó, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ojú tì mí débi pé ilẹ̀ ni mò ń wò.

“Ṣé èmi lẹ tú kúrò?”

“Mi ò mọ èyí tí mo tú. Ẹ̀rù ikú ló bà mí.”

Kò sunkún. Ó ká aṣọ náà, ó gbé e fún ìkejì rẹ̀: “Gbà. Tìẹ ni.” Láti ìgbà náà, kò fẹ́ kí n dárúkọ aṣọ yẹn létí òun mọ́. N kò sì dá a lẹ́bi.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ní irú aṣọ bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ jọ̀wọ́, tí ọmọ yín bá béèrè ìtumọ̀ rẹ̀, ẹ sọ òótọ́ fún un lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ béèrè.