Orúkọ Abẹ́ Àwòrán Méjì

Iṣẹ́ tí Kẹ́hìndé Ọládiméjì ń ṣe nínú yàrá kan ṣoṣo rẹ̀ ní Ìbarà kò ní ariwo. Àwọn tó ń to fídíò ní Èkó ló ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sí i. Á gé ẹni inú rẹ̀ yọ bí ẹni ń bó ẹyin, á kọ orúkọ onítọ̀hún sábẹ́ rẹ̀, á dá a padà. Ó mọ ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn, kò sì sí ẹni tó mọ tirẹ̀. Ó lè lo ọjọ́ mẹ́ta láìgbọ́ ohùn ara rẹ̀.

Nígbà tí àádọ́rin ọdún ìyá rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, ìyá pè é láti Ọ̀fàdà.

"Nínú fídíò tí ẹ fẹ́ ṣe fún mi, ẹ̀yin méjèèjì ni mo fẹ́ rí o."

"Àwa méjèèjì, Màámi?"

"Ìwọ àti Táyé. Ṣé ẹyọ kan ni mo bí ni?"

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n nígbà tí Táyé wá igi lọ. Bí wọ́n ti ń wí i nílé wọn nìyẹn, ìbejì kì í kú. Ẹni tó bá láyà, kó wí i lọ́nà mìíràn níwájú ìyá yìí.

Túbọ̀sún, tó máa to fídíò náà, ní kó fi àbẹ́là sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò Táyé nígbà ọmọdé. Kẹ́hìndé kọ̀. Ohun táwọn ayafọ́tò àtijọ́ ń ṣe fún ìbejì tó bá ṣẹ́ ku ẹyọ kan ló ṣe: ó ya ara rẹ̀ nínú bùbá funfun, ó pààrọ̀ sí búlúù, ó tún ya. Ó gé méjèèjì yọ, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó nu àárẹ̀ kúrò lójú ẹni búlúù, ó kọ Táyé sábẹ́ rẹ̀. Ẹni funfun ló fi sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an, ó kọ Kẹ́hìndé sí i. Ó ń fẹ́ kí ìyá wo òun lẹ́ẹ̀kan péré, kó má wá ẹlòmíràn lójú òun.

Ó gbé kọ̀ǹpútà lọ bá ìyá kó tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Ìyá wọ dígí, ó wò ó pẹ́, ó fọwọ́ kan ẹni funfun.

"O ṣi orúkọ wọn kọ. Táyé rèé."

"Màámi, ẹ tún un wò dáadáa."

"Èmi ni mo bí wọn."

Ó dun Kẹ́hìndé wọ eegun. Ó pa orúkọ ara rẹ̀ rẹ́ lábẹ́ ojú ara rẹ̀, ó kọ Táyé síbẹ̀, ó sì yí ti ẹni búlúù sí Kẹ́hìndé. Ìyá rẹ́rìn-ín, ó sún mọ́ kọ̀ǹpútà, ó ní, "Káàbọ̀, ọmọ mi."